Ọ̀pá Ìpẹja Ọkọ Mi àti Odò Ẹ̀yìn Pira

Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó wá di ẹni tó ń gbà fún mi nínú ohun gbogbo. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ní kí n dúpẹ́. Àwọn obìnrin tá a jọ ń tajà ní Bantè sọ bẹ́ẹ̀ náà: "Ìyá ẹlẹ́ja, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ. Ọkọ tí kì í jiyàn, ta ló rí i rà lọ́jà?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ọkùnrin tó ti ń bá mi jiyàn láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, tó jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń bó iṣu, tó jiyàn lórí ibi tí òjò ti ń ṣú, ọkùnrin yẹn ni mo sọ fún lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ata ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bóyá kò tilẹ̀ tó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀, kò béèrè ibi tí mò ń gbé e lọ.

Ẹ̀rù bà mí. A mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń rí níbí. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tíṣà tí a ń pè ní mẹ́tìrì bíi tirẹ̀, fẹ̀yìn tì. Wọ́n se oúnjẹ fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri. Kí ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde, a ti sin ín. Kò ṣàìsàn kankan. Ó kàn jókòó ni. Jíjókòó ló pa á. Ọkọ tèmi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Á gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí títì, bí agogo ilé ìwé bá sì ti dún, á wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ti pẹ́ dé. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti ẹyẹ. Mo bú u, kò dá mi lóhùn. Mo bú àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Máhì ní Savalou, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Háà! Ọmọ Máhì gbọ́ èébú ilé ìyá rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Kí la tún ń dúró dè?

Ibi tá a wà nìyẹn nígbà tí ọ̀pá dé.

Ọmọ wa ọkùnrin tó wà lókè òkun ló fi í ránṣẹ́. Ó ní níbi tí òun wà, bí àwọn àgbà bá ti fẹ̀yìn tì, irú ọ̀pá yìí ni wọ́n máa ń gbé lọ sí odò. Ọ̀pá náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke, ó gùn ju ènìyàn lọ, bí o bá sì mí sí i lásán, á máa gbọ̀n. Okùn rẹ̀ nípọn, ìwọ̀ rẹ̀ wá kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Kò sí ekòló nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi òwú wé mọ́ ìwọ̀, kí ẹja lè rò pé eṣinṣin ló bà sórí omi.

Mo ní, "Ẹja tó bá jẹ ìyẹ́, ẹja tí mò ń tà gbọ́n jù ú lọ. Tèmi sì ti kú."

Ọkọ mi gbé ojú sókè látorí àga. Ó ní, "Ìwọ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo sáré wọ inú ilé kó má baà rí ojú mi.

Láti ọjọ́ náà ni àlàáfíà ti kúrò nínú agbo ilé wa. Á dúró sáàárín àgbàlá, á máa fi okùn lọ, á máa fi bọ̀ lókè orí rẹ̀, bí ẹni tí oyin ń lé tí kò fẹ́ sá. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá á dúró létí ọgbà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn tó jẹ́ pé nígbà tó ń kọ́ wọn, bí wọ́n bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ìtọ̀ á fẹ́ máa gbọ̀n wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mò ń lọ kírun, ìwọ̀ já ìborùn gbà lórí mi. Mo ní, "Mẹ́tìrì, ẹ ti rí mi pa. Ẹ wọ̀n mí wò, bóyá mo tó ọbẹ̀." Lọ́jọ́ mìíràn, ìwọ̀ kọ́ etí ewúrẹ́ aládùúgbò wa. Ewúrẹ́ sá padà sílé tòun ti okùn, ọkọ mi ń tẹ̀ lé e, ọ̀pá lọ́wọ́. Aládùúgbò jáde sí i, ó ní, "Mẹ́tìrì, bó bá jẹ́ ẹran lẹ fẹ́ rà, ẹ kàn sọ. Ẹ má fà á."

Nígbà tí àwọn eṣinṣin oníyẹ̀ẹ́ tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ tán sórí igi máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ìyẹ́ awó mi ló ń fà. Mo ní awó kan tó máa ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò pẹ́, ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ti ọ̀bọ, ó wá ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá nítorí ìtìjú. Mo pariwo, ọkọ mi náà pariwo. Ó ní awó máa ń pa ìyẹ́ dà, pé èmi ni ò kàwé. Ọbẹ̀ tí mo sè lọ́jọ́ náà, ó jẹ ìlàjì rẹ̀.

Ó wá sọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ sí odò tó wà nínú igbó lẹ́yìn Pira, lọ́hùn-ún níbi tí oko kajú ti parí, tí kò sí ẹlòmíràn mọ́ àfi màlúù àwọn Fúlàní. Òun yóò wa mọ́tò òun lọ. Òun yóò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Òun kò sì fẹ́ amọ̀nà.

Mo ní, "Àwọn wo lẹ fẹ́ bá lọ?"

"Èmi nìkan."

"Ẹ̀yin àti mọ́tò yẹn nìkan? Ta ni yóò máa ti ta?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn á wo àwòrán ilẹ̀, á yan ọ̀nà fúnra rẹ̀, á yan odò fúnra rẹ̀. Bó bá sọnù, òun náà ni yóò wá ara rẹ̀ rí.

Ẹ wo ibi tí mo bá ara mi. Bí mo bá ní kó má lọ, ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kó padà sórí àga yẹn, kí n sì máa wò ó bó ṣe ń jókòó kú. Bí mo bá ní kó máa lọ, ó lè ṣubú sínú odò níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Mo ro ó títí, mo ní, "A jọ ń lọ ni."

Ó ní rárá. Mo ní ẹni tó bá máa kú sínú igbó yẹ kó mú ẹlẹ́rìí dání. Ó ní òun kò ní kú. Mo ní èmi ńkọ́, bí ìbànújẹ́ bá pa mí sílé? Ó ní ahọ́n mi kò ní jẹ́ kí ikú sún mọ́ mi. Láti àárọ̀ yẹn títí di ìgbà tí mo fi ilé ìtajà mi sílẹ̀ lọ́sàn-án tí mo padà wá jẹun, a ò tíì yanjú rẹ̀. Ìjà náà dùn mọ́ mi ju ẹran iléyá lọ. Níkẹyìn ó gbà, ó sì gbé òfin kalẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú pátákó: n ò gbọdọ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tá à ń lọ, n ò sì gbọdọ̀ gbé ẹja dání láti tà. Mo gbà. Mo gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá tètè gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Àwòrán ilẹ̀ náà wà nínú fóònù rẹ̀. Ó fi hàn mí. Bí ẹyẹ bá wò wá láti òkè, bó ṣe máa rí nìyẹn: odò ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tútù, ọ̀nà sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó fi ìka tọ ọ̀nà kan, ó ní ibẹ̀ la ó gbà. Èmi kò mọ àwòrán, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń ru iṣu wá láti ibẹ̀. N ò sì gbọdọ̀ béèrè. Nítorí náà n ò béèrè. Mo kàn dé ọjà, mo pariwo sókè bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ọ̀nà Pira tó lọ sí odò yẹn ti dára gan-an báyìí, pé mọ́tò kékeré lè gbà á láìmì. Háà, àwọn oníṣu bò mí! "Irọ́ ni!" "Ta ló sọ fún ọ?" "Iyanrìn ló wà níbẹ̀, á gbé mọ́tò mì!" "Ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé àtijọ́ ni kí wọ́n gbà!" Bí o bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́jà, á rò ó wò kó tó dá ọ lóhùn. Bí o bá purọ́ nípa rẹ̀, á fi òótọ́ nà ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Mo délé, mo ní, "Ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé àtijọ́ yìí ńkọ́, nínú fóònù yín?"

Ó wò mí. "Ta lo bi?"

"N ò bi ẹnì kankan."

Ó tún àwòrán náà wò títí, ó ní òun náà ti ń ro ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀.

A mú ìgbà tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí ilẹ̀ ti gbẹ ṣùgbọ́n tí omi odò kò tíì fà tán. Savalou la gbé mọ́tò lọ tún ṣe, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ará ilé ìyá rẹ̀. Èdè Máhì ni wọ́n ń sọ, wọ́n rò pé n ò gbọ́. Obìnrin tó ń tajà dé Savalou tí kò gbọ́ Máhì, ebi ló ń wá. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀, ó yọrí jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò yìí ló fẹ́ gbé yín, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé e?"

Ọkọ mi ní, "Mọ́tò yìí ló gbé ìyàwó mi wálé."

"Ẹ rí i? Ó ti jìyà tó."

Mo dá sí i ní Máhì, mo ní, "Mo gbọ́ o." Mẹkáníìkì padà sábẹ́ mọ́tò, kò sì jáde mọ́ títí mo fi lọ ra omi.

A to ẹrù. Ó to tirẹ̀: ọ̀pá, okùn, àpótí eṣinṣin, àgọ́ aláṣọ tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé ọ̀pá. Mo to tèmi: àwọ̀n ẹ̀fọn, gààrì, iyọ̀, epo pupa, ìkòkò, àdá, ẹní, epo mọ́tò nínú ìgò ńláńlá bí wọ́n ṣe ń tà á létí títì. Ó wo ìkòkò náà, ó ní kí ló wà fún. Mo ní fún ẹja tí ẹ máa pa ni.

Ó ní, "A ò ní jẹ ẹja náà."

"Kí la ó fi ṣe? A ó tà á? Ẹ ní n ò gbọdọ̀ tajà."

"A ó dá a padà sínú odò."

Mo jókòó sórí àpò gààrì. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí orí wọn kò jí: èèyàn á mú ẹja, á wò ó, inú rẹ̀ á dùn, á tú u sílẹ̀. Èmi tí mò ń jí kí àkùkọ tó kọ láti lọ pàdé ọkọ̀ ẹja! Èmi tí òórùn ẹja kì í kúrò lára mi títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ọjà. Wọ́n á ní orí yín ti yí, wọ́n á sì ní èmi ni mo yí i."

Nǹkan kan wà tí òun náà mọ̀, tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kò sí omi tí kò lólúwa níhìn-ín. Ìdílé tó kọ́kọ́ bu omi odò mu ló ni ín, àgbà ilé wọn ni bàbá odò. Àlejò kì í ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìkí i. Mo rán ọkọ mi létí. Ó ní ti ìjọba ni gbogbo odò, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé náà, ṣé ó ti dé ẹ̀yìn Pira rí? N ò bá a fà á mọ́. Ní ọjọ́ ọjà, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń ru iṣu wá láti abúlé odò náà, mo fún un ní obì tó dára. Mo ní, "Bá mi kí bàbá odò. Sọ fún wọn pé ọkọ mi ń bọ̀ wá pẹja díẹ̀, kí wọ́n fojú àlejò wò ó, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè kó má ṣubú. Ṣùgbọ́n kó má mọ̀ pé mo ránṣẹ́ o."

Ó ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ta ló ń fún ọlọ́jà ní ọ̀rọ̀ kékeré kó má sọ ọ́ di ńlá?

A gbéra ní ìdájí. Mọ́tò kọ́kọ́ kọ̀, ó gbà, a gba Pira kọjá, a yà sínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé àtijọ́. Ọkọ mi ń wa mọ́tò, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí n ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn oko kajú, ọ̀nà pín sí méjì, fóònù sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan mọ́. Ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àgbẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún tó ń kọ ebè.

Mo yọrí láti ojú fèrèsé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ọ̀nà apá ọ̀tún yìí mà dára o, tó lọ tààrà sí odò!"

Àgbẹ̀ na ọkọ́ sókè. "Odò kẹ̀? Ti òsì ni!"

Ọkọ mi yíjú sí mi. "O béèrè ọ̀nà."

"Mo kí àgbẹ̀ ni. Ṣé kí n máa kọjá bí ẹran ni?"

Ó yà sí òsì. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tá a dé odò, a bá èrò. Igbó tí kò séèyàn tí ọkọ mi fi hàn mí nínú fóònù ti kún. Àwọn bàbá jókòó sórí igi tó wó, àwọn obìnrin ti dáná, iyán ń dún nínú odó, àwọn ọmọdé ti gun orí igi láti ríran. Mo rí ọ̀rẹ́ mi oníṣu láàárín wọn, ó wé gèlè, ó ń ju ọwọ́ sí mi. Mo wá gbọ́ ohun tó sọ fún wọn lẹ́yìn náà: ó ní apẹja ńlá kan ń bọ̀ láti Bantè, ọ̀pá rẹ̀ wá láti òkè òkun, ẹja kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

Mo ní, "Bóyá àwọn náà wá sinmi ni."

Bàbá odò, arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, dìde, ó kí wa káàbọ̀, ó ní kí Mẹ́tìrì ṣe bó ṣe ń ṣe é. Ọkọ mi ò lè sá mọ́. Ó ká ṣòkòtò, ó wọ etí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn lọ, ó ń fi bọ̀. Eṣinṣin tó fi ìyẹ́ awó mi ṣe bà sórí omi wẹ́rẹ́, omi sì fọ́n sókè. Ẹja kan ló gbé e, ẹja fẹlẹfẹlẹ funfun bíi fàdákà, ìrù rẹ̀ pupa. Ariwo sọ! Ìyàwó àgbà bàbá odò ti gbé igbá dé etí omi láti gbà á. Ọkọ mi yọ ìwọ̀, ó gbé ẹja sójú, ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, ó sì tú u sínú omi.

Obìnrin náà dúró tòun ti igbá. Wọ́n ní bóyá ó bọ́ ni. Ó tún ju okùn, ó tún mú òmíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún tú u sílẹ̀. Iyán tó ń dún dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ó kọ oúnjẹ wa."

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá lé wa níbẹ̀, bí ojú bá tì í níwájú èrò bẹ́ẹ̀, á padà sórí àga yẹn, kò sì ní dìde mọ́. Èmi ni mo sì kó èrò jọ.

Bàbá odò rìn wá síwájú. "Mẹ́tìrì, ẹja yẹn, ṣé ó ń rùn ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ó kéré?"

"Ó tóbi dáadáa."

"Ẹ wá jí ọmọ inú odò wa, ẹ fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, ẹ wò ó lójú, ẹ wá ní kó máa lọ sílé. Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yin náà ní Bantè ńkọ́?"

Mò ń dúró kí ọkọ mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.

Ó ní, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá."

Ó jáde kúrò nínú omi. Ó ní ẹni tó bá ń pa gbogbo ohun tó bá rí, kí ni yóò rí lọ́la? Bàbá ní látìgbà àwọn baba ńlá àwọn làwọn ti ń pẹja níbẹ̀, ọ̀la kò tíì tán. Ọkọ mi ní ṣé ẹja tó wà nínú rẹ̀ báyìí tó ti ìgbà èwe Bàbá? Bàbá ní kò tó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń da oògùn kòkòrò sómi ló fà á, kì í ṣe ẹnu àwọn. Ọkọ mi ní ẹ ò rí i, ṣebí ohun tí òun ń sọ náà nìyẹn? Bàbá ní rárá, ọ̀rọ̀ tòun ni, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n jókòó sórí igi. Wọ́n dìde. Ọkọ mi ń na ìka sókè bó ṣe máa ń nà án níwájú pátákó, bàbá odò ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá ilẹ̀, àwọn ará abúlé pín sí méjì, wọ́n ń dá sí i. "Mẹ́tìrì, ẹ dá a lóhùn!" "Bàbá, ẹ má gbà fún un!" Òógùn bo ọkọ mi, ojú rẹ̀ ń tàn.

Mo jókòó sórí iyanrìn, omijé ń bọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó àgbà tó gbé igbá wá jókòó tì mí, ó ní, "Ìyàwó, má bẹ̀rù. Bàbá kì í na àlejò."

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀rù, Ìyá. Ara ló tù mí."

Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni orí mi yí.

Níkẹyìn, bàbá odò dájọ́. Ó ní òfin odò àwọn ni pé ẹni tó bá dá ẹja padà, òun àti ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹja títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, kí ẹja má baà sọ pé ẹni náà dá òun padà sílé, ó wá ń pe àbúrò òun sínú ìkòkò. Àwọn ọ̀dọ́ kó àwọ̀n wọnú omi, wọ́n kó àrọ̀ àti epìyà jáde fún ọbẹ̀ gbogbo èrò. Àwa méjì, wàgàṣì, wàrà àwọn Fúlàní, ni wọ́n fi se tiwa. Èmi ẹlẹ́ja, mo jókòó sáàárín òórùn ẹja tútù, mò ń jẹ wàrà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi bu iyán, ó tún bu, ó ní kí wọ́n tún fún òun sí i, ó sì ń bá àwọn obìnrin jiyàn pé iṣu Savalou dára ju tiwọn lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú iyán wọn lẹ́nu!

Orí oúnjẹ náà ni bàbá odò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún obì.

Ọkọ mi ní, "Obì wo?"

Ọ̀rẹ́ mi oníṣu dìde, ó ní òun gbàgbé nǹkan lórí iná.

Mo ní, "Ẹ ní ẹ ò fẹ́ amọ̀nà, n ò sì mú amọ̀nà wá. Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ olùgbàlejò."

Ó bú mi. Ó bú mi dáadáa, láti orí ìyá mi dé orí awó mi. Ó pe èmi àti ọjà Bantè ní ilé iṣẹ́ rédíò. Bàbá odò ní kó rọra, pé obìnrin tó bá mú obì ṣáájú ọkọ rẹ̀ ní làákàyè, ọkọ mi sì yíjú sí òun náà. Mò ń jẹ wàgàṣì mi lọ.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹní rẹ̀ ṣófo. Mo jáde nínú àgọ́ láìwọ bàtà, ìkùukùu bo ojú odò, n ò rí ẹnì kankan. Mo fẹ́ kígbe. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn wọn láti apá ìsàlẹ̀. Òun àti bàbá odò ni, wọ́n jókòó lórí igi tó wó yẹn, ọ̀pá náà wà láàárín wọn, wọ́n ń bá ti àná lọ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí. N kò pè wọ́n. Mo bu omi odò, mo ṣe àlùwàlá, mo dojú kọ ìlà oòrùn, mo kírun mi, mo sì fi àdúrà púpọ̀ kún un. Nígbà tí mo parí, wọn ò tíì parí.